Ṣóbándé Onísígínà Bá Ọwọ́ Ọ̀tún Rẹ̀ Sọ̀rọ̀

Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, ẹ̀gbà ló wá dá mi dúró.
Àmì orí ọ̀rọ̀ kan ló yí padà,
ìdajì ara mi sì bá a lọ.

Ìwọ ọwọ́ yìí,
ìwọ tí o fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n fa irin sígínà ní Láfẹ́nwá,
tí ọkọ̀ ojú irin kì í gun afárá Odò Ògùn
àyàfi bí o bá gbà fún un,
òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni mo ní kí o mú kọ́ọ̀bù,
o wò mí bí àlejò.
Kọ́ọ̀bù fọ́. Ẹnu mi wọ́.

Oṣù keje nìyí.
Ní Ìdí-Abà, wọ́n dé mi ní fìlà.
Kì í ṣe abetí ajá, kò ṣeé tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan:
okùn wẹ́wẹ́ ló yọ lára rẹ̀ bí irun orí àgbàdo,
ìpara tútù wà lábẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan.
Wọ́n wá ki ìwọ bọ inú ọwọ́ irin kan
tó ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ìbídàpọ̀, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wa, ní:
"Bàbá, ọpọlọ yín ṣì ń sọ̀rọ̀.
Ọ̀nà tó gbà dé ọwọ́ ló dí.
Fìlà yìí á gbọ́ ọ, á sọ fún irin.
Irin ò ní gbéra àfi tí ẹ bá fẹ́."
Ọmọ-ọmọ mi Àkànmú bú sẹ́rìn-ín lórí àga:
"Ọ̀pọ̀lọ́ bàbá àgbà ń sọ̀rọ̀! Ṣé ó ń ké kọ́ọ̀ kọ́ọ̀ ni?"
Kódà ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi tó wọ́ rẹ́rìn-ín.

Mo mọ iṣẹ́ yẹn. Ẹ má kọ́ mi.
Ọkọ̀ kì í lọ láìgba sígínà.
Ṣùgbọ́n ta ló mọ bí a ṣe ń fẹ́ gbé ọwọ́?
Ṣé mo fẹ́ ẹ rí ni? Mo kàn ń gbé e ni.
Ẹ̀yin tí ẹ ń họ orí, tí ẹ ń ka owó, tí ẹ ń lé eṣinṣin,
ẹ sọ fún mi, ibo lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀?

Mo ronú ọwọ́: irin ò mira.
Mo bínú: ìlà ojú ẹ̀rọ ń fò bí ewúrẹ́, irin ò mira.
Mo bẹ̀ ọ́. Mo bú bàbá rẹ, tí í ṣe bàbá mi.
Ìgbà tó di ìgbà kẹrìndínlógún,
mo rántí irin sígínà, bó ṣe máa ń tutù láàárọ̀ ọyẹ́,
òróró dúdú tó ń kù sí àtẹ́lẹwọ́,
ọkọ̀ ẹrù tó ń fọn fèrè lókèèrè, tó ń dúró dè mí.
Kùùù, irin gbéra.
Ó gbé ọ bí ẹni gbé ọmọ tó sùn.

N ò ní purọ́: n ò tí ì lè fúnra mi wọ ẹ̀wù.
Rẹ̀mílẹ́kún ìyàwó mi ló ṣì ń bu omi sí mi lẹ́yìn.

Ọjọ́rú tó kọjá, iná lọ.
Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, ọwọ́ irin gan sójú kan,
ìwọ wà nínú rẹ̀, ní ààbọ̀ ọ̀nà sí kọ́ọ̀bù.
Ìbídàpọ̀ sáré jáde pé kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀.
Èmi kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti dúró. Mo ṣì ń fẹ́.
Àtàǹpàkò rẹ sún.
Kò ju ìbú hóró ìrẹsì kan lọ.
Kò sí ìlà tó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí ẹlẹ́rìí,
bóyá ojú mi ló tàn mí.
Nígbà tí iná dé, wọ́n ní ká tún un bẹ̀rẹ̀.
N ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lálẹ́ yìí, ọkọ̀ ojú irin tuntun ń kọjá lókèèrè,
kò sẹ́ni tó ń fa irin fún un mọ́, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ni.
Rẹ̀mílẹ́kún ti sùn,
ó gbé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ
bí ẹni gbàgbé nǹkan síbẹ̀.
Ọwọ́ mi, gbọ́:
ojú ọ̀nà ṣófo, afárá dúró.
Mo ń fẹ́.